Ta Ló Ni Ta? Kíka Àkọsílẹ̀ Ìpín-Ìdókòwò Àwọn Ilé-Ìfowópamọ́ Ńlá nínú Ilé-Iṣẹ́, láti Araromi dé Tokyo

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí onímọ̀ ka àkọsílẹ̀ ìtàn nípa ìpín-ìdókòwò tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ ńlá ní nínú ilé-iṣẹ́. Ó gbéra láti Araromi ní etí òkun Ìlàjẹ, ní agbègbè tí Nigerian Bitumen Corporation ti wá epo láàárín ọdún 1908 sí 1914, ó sì tọ ipa owó láti ibẹ̀ dé Èkó, Tokyo àti Ìbàdàn. Kókó àlàyé rẹ̀ ni pé iye ìpín tí ilé-ìfowópamọ́ ní kì í dá ìtàn sọ tán. Ní Jàpáànù, ilé-ìfowópamọ́ ló ra ìpín ilé-iṣẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò àti ìjọba ló ra ìpín ilé-ìfowópamọ́. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n ti àkọ́kọ́ wá ìtàn ti ìkejì yóò pàdánù ibi tí ewu àwọn afowópamọ́ wà gan-an. Iṣẹ́ yìí lo ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta, èlé, ìpín àti ìdógò, gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ láti ya àwọn àkọsílẹ̀ náà sọ́tọ̀.

Ìfáàrà

Bí apẹja kan ní Araromi bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì tó, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà. Ó lè yá owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó sì máa san án padà pẹ̀lú èlé, yálà òkun fún un lẹ́ja tàbí kò fún un. Ó sì lè mú ẹlòmíràn wọlé gẹ́gẹ́ bí alájọni. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò mú owó wá, ṣùgbọ́n kò ní gba èlé. Ìpín ni yóò máa gbà nínú ẹja tí ọkọ̀ bá kó bọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọ̀n bá ya, òun àti ọlọ́kọ̀ ni àdánù jọ bá. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ olówó èlé, ẹnì kejì jẹ́ onípìn-ín.

Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá di méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ alájọ ni ó yá apẹja lówó, tí ó tún ra ìpín nínú ọkọ̀ kan náà, tí owó tí ó fi ṣe méjèèjì sì jẹ́ àjọ tí àwọn obìnrin tí ń yan ẹja dá sí i lọ́wọ́, ìjì kan ṣoṣo lè gba ọkọ̀, kí ó gba gbèsè, kí ó sì gba àjọ. Àwọn obìnrin náà kò wọ ọkọ̀, wọn kò ra ìpín, wọn kò sì gba èlé. Síbẹ̀ owó wọn ti bá ọkọ̀ rì.

Ilé-ìfowópamọ́ tí ó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ó tún yá lówó wà ní ipò alájọ yìí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, àwọn aṣòfin àti àwọn òpìtàn fi ń wá àkọsílẹ̀ nípa ìpín tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ ńlá ní. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó ń darí rẹ̀, àti owó ẹni tí yóò sọnù bí ọjà bá wó.

Èlé, ìpín àti ìdógò

Èdè Yorùbá ti ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tipẹ́ kí ilé-ìfowópamọ́ òde òní tó dé. Èlé ni ohun tí a fi kún owó tí a yá. Ìpín ni apá tí ó tọ́ sí ènìyàn nínú ohun tí ọ̀pọ̀ jọ ni, yálà ogún, ẹran ọdẹ tàbí ẹja. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún kádàrá, nítorí ẹni tí ó gba ìpín ti gba ohun tí ó bá jáde, ire tàbí ibi. Ìdógò ni ohun tí onígbèsè fi sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó kí ó má bàa sá. Nínú ètò ìwọ̀fà àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó dúró fún èlé, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, oko rẹ̀ kò sì di ti olówó. Olówó ní àṣẹ lórí àkókò rẹ̀. Kò ní ìpín nínú dúkìá rẹ̀.

Nínú ìwé ilé-ìfowópamọ́ òde òní, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dúró fún ibi mẹ́ta tí ìpín-ìdókòwò ilé-iṣẹ́ lè fara pamọ́ sí. Bí ilé-ìfowópamọ́ bá fi owó ara rẹ̀ ra ìpín, yóò hàn lábẹ́ ìdókòwò. Bí ó bá yá oníbàárà lówó láti fi ra ìpín, yóò hàn lábẹ́ owó-yíyá. A kò ní rí ọ̀rọ̀ ìpín níbẹ̀ rárá. Bí oníbàárà bá sì fi ìpín dógò, ó lè má hàn lójú ìwé kankan títí di ọjọ́ tí gbèsè bá bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan ti ka ìdá kan nínú mẹ́ta.

Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan méjì tún máa ń ṣi òǹkàwé lọ́nà. Èkíní ni òṣùwọ̀n iye owó. Bí ilé-ìfowópamọ́ bá ra ìpín kan ní náírà 10, tí ọjà sì ń tà á ní náírà 50 lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé tí ó ń kọ iye tí wọ́n fi rà á yóò ṣì pè é ní náírà 10. Náírà 40 tí ó kù wà nípamọ́. Nígbà tí ọjà bá wó, àdánù náà yóò wà nípamọ́ bákan náà.

Èkejì ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹrù, ṣùgbọ́n nínú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, ẹrú nìkan ni ó máa ń hàn. Nínú ìròyìn ọdọọdún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà, òǹkàwé yóò rí orúkọ Stanbic IBTC Nominees láàárín àwọn tí ìpín wọn pọ̀ jù. Kì í ṣe pé ilé-ìfowópamọ́ náà ló ni ìpín wọ̀nyí. Ó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tọ́jú wọn ni. Onímọ̀ tí ó bá kà wọ́n mọ́ dúkìá ilé-ìfowópamọ́ ti sọ aṣọ́bodè di onílé.

Araromi, 1908: ilé-iṣẹ́ tí kò ní ilé-ìfowópamọ́ lẹ́yìn

Araromi ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí nítorí pé agbègbè rẹ̀ ni wíwá epo rọ̀bì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1907, ìjọba amúnisìn ní Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin lórí wíwa epo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè náà, níbi tí ọ̀dà ilẹ̀ tí a mọ̀ sí bitumen ti ń sun jáde. Bergheim kú ní 1912. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ dúró. Kò sí ẹni tí ó tún fi gbogbo agbára wá epo ní Nàìjíríà títí Shell D'Arcy fi gba àṣẹ ní 1938, tí wọ́n sì rí epo tí ó tó tà ní Oloibiri ní 1956.

Ìbéèrè tí ó kan iṣẹ́ yìí ni pé: owó ta ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ Araromi? Owó àwọn onípìn-ín ni, pẹ̀lú owó tí ìjọba Gúúsù Nàìjíríà yá ilé-iṣẹ́ náà. Ìlànà ilé-ìfowópamọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni láti yá oníṣòwò lówó fún ìgbà díẹ̀, títí yóò fi ta ọjà rẹ̀ tán. Wọn kì í ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí kò tíì mọ ohun tí yóò bá nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ilé-ìfowópamọ́ ńlá kan ti wà ní Èkó ṣáájú ìgbà yẹn. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ni. Ìtàn rẹ̀ ni ó fi ojú ọ̀nà hàn wá. Alfred Jones, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ní Liverpool, ni ó dá a sílẹ̀, òun sì ni ìpín tí ó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ìfowópamọ́ náà ló ń bá ìjọba kó owó fàdákà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ Elder Dempster ló sì ń rù ú. Nígbà tí West African Currency Board dé ní 1912 ni àǹfààní yẹn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí onímọ̀ bá béèrè pé ìpín mélòó ni ilé-ìfowópamọ́ náà ní nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ó ti béèrè ìbéèrè náà sódì. Ọlọ́kọ̀ ló ni alájọ. Alájọ kọ́ ló ni ọkọ̀. Agbára tí Jones ní lórí àwọn oníṣòwò dúdú tí wọ́n ń wá owó-yíyá àti àyè nínú ọkọ̀ kò sí nínú àtẹ ìpín kankan tí ilé-ìfowópamọ́ lè tẹ̀ jáde. Inú ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ni ilé-ìfowópamọ́ fúnra rẹ̀ ni ó wà.

Jàpáànù: ibi tí àtẹ náà ti wá

Ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń béèrè ìbéèrè yìí láti apá kejì ni pé Jàpáànù ni ìtàn rẹ̀ ti gbajúmọ̀ jù. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n dáadáa kí a tó padà sí ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ìdílé bíi Mitsui, Mitsubishi, Sumitomo àti Yasuda ní ilé-iṣẹ́ ìyá tí ó ni ìpín nínú ilé-ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ irin, ìwakùsà àti ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ogun, ìjọba àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ náà tú àwọn ilé-iṣẹ́ ìyá wọ̀nyí ká. Òfin 1947 tí ó dènà kí ọjà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo sọ pé ilé-ìfowópamọ́ kankan kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpín ilé-iṣẹ́ kan. Ní 1953, wọ́n gbé e sí ìdá 10. Ní 1977, wọ́n dá a padà sí ìdá 5, wọ́n sì fún àwọn ilé-ìfowópamọ́ ní ọdún mẹ́wàá láti mú òfin náà ṣẹ.

Láàárín àwọn ilé-ìfowópamọ́ Jàpáànù, àwọn tí wọ́n ń pè ní ilé-ìfowópamọ́ ìlú ńlá ni àwọn tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní àwọn ìlú bíi Tokyo àti Osaka, tí ẹ̀ka wọn sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ tí ó ń yá lówó. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ra ìpín nínú ilé-ìfowópamọ́. Èrò wọn ni pé bí ọ̀rẹ́ bá di ìpín ara wọn mú, àjèjì kò ní rí àyè rà wọ́n. Ìbẹ̀rù yìí le sí i nígbà tí Jàpáànù wọ ẹgbẹ́ OECD ní 1964, tí ó sì ní láti ṣí ilẹ̀kùn fún owó òkèèrè. Ìdá 5 lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ilé-iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́wàá bá di ìdá díẹ̀díẹ̀ mú, ilé-iṣẹ́ kan ti wà lábẹ́ ààbò, àtẹ tí ó ka ìpín ilé-ìfowópamọ́ kan ṣoṣo kò sì ní fi í hàn.

Òṣùwọ̀n iye owó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó wá bí ìṣòro. Ní 1988, àdéhùn Basel sọ iye owó tí ilé-ìfowópamọ́ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kí ó tó lè yáni lówó. Àdéhùn náà gba àwọn ilé-ìfowópamọ́ láyè láti ka ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ìpín tí wọn kò tíì tà mọ́ owó tí ó wà nílẹ̀. Nígbà tí ọjà ń gòkè, ìpín tí wọ́n ti rà ní owó pọ́ọ́kú ní àwọn ọdún 1950 di orísun agbára láti yáni lówó sí i. Ní òpin 1989, òṣùwọ̀n ọjà Nikkei dé 38,915. Ní oṣù Kẹjọ 1992, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ 15,000. Ní oṣù Kẹrin 2003, ó bọ́ sísàlẹ̀ 8,000. Bí ìpín ṣe ń wó ni agbára láti yáni lówó ń wó, lákòókò kan náà tí gbèsè àwọn oníbàárà ń bàjẹ́. Ìjì kan ti gba ọkọ̀, ó sì gba gbèsè.

Ìjọba wá ṣòfin ní 2001 pé ìpín tí ilé-ìfowópamọ́ ní kò gbọdọ̀ ju owó ìpìlẹ̀ tirẹ̀ gan-an lọ. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2002 láti ra àwọn ìpín náà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá 2002, Báńkì Àpapọ̀ Jàpáànù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rà wọ́n. Ìpín tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ ìlú ńlá àti ti ẹkùn ní nínú gbogbo ọjà ti wà ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bí 1990. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 2010, kò tó ìdá 5. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìṣirò yìí máa ń ya ilé-ìfowópamọ́ tí ń bá ènìyàn tọ́jú owó sọ́tọ̀, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìpín tí ó wà lórúkọ wọn. Wọn kò sọ aṣọ́bodè di onílé.

Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà: ìjọba gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín

Bí ojú bá ti rí òkun, kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù; ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ òkun Jàpáànù ní láti mọ̀ pé ibòmíràn ni omi ọ̀sà yìí ń ṣàn sí.

Ní 1933, àwọn ọmọ Nàìjíríà, lára wọn Akinola Maja àti T. Adebayo Doherty, dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó, nítorí pé àwọn oníṣòwò dúdú kì í rí owó yá bí ó ṣe yẹ lọ́wọ́ ilé-ìfowópamọ́ àwọn òyìnbó. Ní 1945, Matthew Adekoya Okupe dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìfowópamọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n rú jáde lẹ́yìn ogun ni ó wó, òfin tí ó kọ́kọ́ de iṣẹ́ náà sì jáde ní 1952. Àwọn tí wọ́n dúró nílò owó tí kì yóò sá lọ. Owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ Marketing Board, àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó sì ń fi iye tí ó ṣẹ́ kù lára owó òkèèrè pamọ́.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé owó Marketing Board lọ sí National Bank, nígbà tí ó sì di 1961, ilé-ìfowópamọ́ náà ti di ti ìjọba. Ní Ìlà-Oòrùn, irú ìbátan kan náà láàárín owó ìjọba àti African Continental Bank, tí Nnamdi Azikiwe ní ìpín nínú rẹ̀, fa ìwádìí ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ní 1956, tí ó jábọ̀ ní 1957. Azikiwe gbé ìpín rẹ̀ fún ìjọba ẹkùn náà lẹ́yìn ìwádìí yìí. Ní 1962, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ G. B. A. Coker ṣe alága rẹ̀ yẹ ìwé àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Lára ohun tí ó gbé sójútáyé ni bí owó Marketing Board àti owó-yíyá National Bank ṣe dé ọwọ́ National Investment and Properties Company, ilé-iṣẹ́ tí àwọn olùdarí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà tí ó ń ṣèjọba.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ méjèèjì fún ẹni tí ń wá dátà. Ká ní onímọ̀ ṣí ìròyìn ọdọọdún National Bank láti wá ìpín tí ó ní nínú ilé-iṣẹ́, kì bá tí rí ohun púpọ̀, ì bá sì sọ pé ilé-ìfowópamọ́ náà kò ní ìbátan tí ó jinlẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn ìgbìmọ̀ náà rí ìbátan yẹn nítorí pé wọ́n tọ ipa owó láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ dé àjọ, láti àjọ dé ilé-ìfowópamọ́, láti ilé-ìfowópamọ́ dé ilé-iṣẹ́. Ìpín wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà, èlé wà ní òpin rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kó kòkó wá kò sí lórí ìwé kankan.

Ní 1969, Agbonmagbe Bank náà bọ́ sọ́wọ́ Marketing Board Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di Wema Bank. Nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní 1976, wọ́n kó dúkìá ajùmọ̀ní wọn sábẹ́ Odu'a Investment Company, tí ìpín nínú Wema sì wà lára rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Araromi wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onílé-iṣẹ́ náà. Nípa báyìí, apẹja Araromi di alájọni nínú ilé-ìfowópamọ́ láìmọ̀: ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló ni ìpín nínú Odu'a, Odu'a ló ni ìpín nínú Wema.

Láti òfin 1972 dé ìjì 2008

Òfin ìgbélárugẹ ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti 1972, tí wọ́n tún ṣe ní 1977, fi ipá mú àwọn àjèjì láti ta ìpín wọn fún ọmọ ìlú. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ra ìpín tí ó pọ̀ nínú àwọn ilé-ìfowópamọ́ mẹ́ta tí ó tóbi jù, àwọn tí a wá mọ̀ sí First Bank, Union Bank àti United Bank for Africa. First Bank yìí ni Bank of British West Africa ti Alfred Jones, tí ó ti pa orúkọ dà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ra ìpín ilé-iṣẹ́ nígbà náà ni ó yá owó rà á. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ òfin náà wò rí i pé ọwọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ìpín kó sí. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé-ìfowópamọ́ kò hàn nínú ìwé àwọn onípìn-ín, bẹ́ẹ̀ òun ni ó pinnu ẹni tí yóò di onípìn-ín, nítorí òun ni ó ní owó láti yá wọn.

Ìgbà tí ìjọba fẹ́ kí ilé-ìfowópamọ́ ra ìpín ní tààràtà, àṣẹ ni ó gbà á. Ní òpin 1999, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìfowópamọ́ fẹnu kò pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó san owó orí, láti fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Àkọsílẹ̀ ètò yìí wúlò fún òpìtàn, nítorí ó wà lára ibi díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìpín ti hàn gbangba nínú ìwé ilé-ìfowópamọ́ Nàìjíríà.

Ìjì ńlá gba ibòmíràn wọlé. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí ilé-ìfowópamọ́ kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí, ilé-ìfowópamọ́ 89 di 25. Wọ́n ta ìpín tuntun fún ará ìlú, owó sì kún ọwọ́ wọn. Wọ́n wá ń yá àwọn oníbàárà lówó láti ra ìpín, títí kan ìpín ilé-ìfowópamọ́, àwọn oníbàárà sì ń fi ìpín náà dógò fún owó tí wọ́n yá. Òṣùwọ̀n ọjà dé ju 66,000 lọ ní oṣù Kẹta 2008. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ 20,000. Ìdógò kò tó gbèsè mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá ilé-ìfowópamọ́ márùn-ún nípò, ó sì fi bílíọ̀nù 420 náírà gbé àwọn ilé-ìfowópamọ́ wọn dúró. Ní 2010, wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tí ó ti bàjẹ́. Ní 2011, àwọn ilé-ìfowópamọ́ mẹ́ta bọ́ sọ́wọ́ AMCON pátápátá.

Àbájáde Nàìjíríà jọ ti Jàpáànù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ yàtọ̀. Ní Tokyo, ìpín wà nínú ìwé lábẹ́ orúkọ ilé-ìfowópamọ́, a sì lè kà á lọ́dọọdún. Ní Èkó, ìpín fara pamọ́ sábẹ́ èlé àti ìdógò. Ẹni tí ó ka àtẹ ìdókòwò ilé-ìfowópamọ́ Nàìjíríà ní 2007 láti mọ bí ewu ọjà ṣe pọ̀ tó yóò ti rò pé ewu kéré.

Òfin tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2010 pàṣẹ kí ilé-ìfowópamọ́ ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìfowópamọ́ tí ó ní, tàbí kí ó kó gbogbo wọn sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyá. Láti inú èyí ni FBN Holdings, FCMB Group àti Stanbic IBTC Holdings ti jáde. Ó yẹ kí òpìtàn ṣọ́ra níbí: ilé-iṣẹ́ ìyá ni ó ni ìpín nísinsìnyí. Bí àtẹ ẹni bá fi hàn pé ìpín tí ilé-ìfowópamọ́ ní dínkù lójijì lẹ́yìn 2011, ó lè jẹ́ pé dúkìá kan ṣí láti yàrá kan sí èkejì nínú ilé kan náà.

Ìbéèrè mẹ́rin fún ẹni tí ń to àtẹ

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ni lè di ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní: ta ló ni ta? Kí onímọ̀ ṣí ìwé àwọn onípìn-ín ilé-ìfowópamọ́ kí ó tó ṣí ìwé ìdókòwò rẹ̀. Èkejì: ṣé ìpín ni, ṣé èlé ni, àbí ìdógò? Àtẹ tí kò ní àyè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè sọ ìtàn Nàìjíríà. Ẹ̀kẹta: òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi kọ iye owó, ti ọjọ́ rírà ni tàbí ti ọjọ́ ìṣirò? Kò yẹ kí a to ọdún tí wọ́n lo ti àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ọdún tí wọ́n lo ti ìkejì láìsí àlàyé. Ẹ̀kẹrin: owó ta ni ó wà nísàlẹ̀? Ìbéèrè yìí ló yà iṣẹ́ òpìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ akọ̀wé owó.

Ìgúnlẹ̀

Nínú oṣù Kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún kéde owó ìpìlẹ̀ tuntun: bílíọ̀nù 500 náírà fún ilé-ìfowópamọ́ tí ń ṣiṣẹ́ dé òkèèrè, tí gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ òpin oṣù Kẹta 2026. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 2005, wọ́n tún pe ará ìlú wá ra ìpín. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ kọ ìtàn sáà yìí ní ọjọ́ iwájú, iye tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdókòwò nìkan kò ní tó wọn. Wọn yóò ní láti béèrè ẹni tí ó yá owó fún ẹni tí ó ra ìpín, àti ohun tí ó fi dógò.

Ní 1908, àwọn tí wọ́n fi owó wọn wá epo ní Araromi mọ̀ pé onípìn-ín ni àwọn. Nígbà tí iṣẹ́ dúró, àwọn ni wọ́n pàdánù, ewu tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbà ni. Àgbẹ̀ kòkó tí owó rẹ̀ gba Marketing Board kọjá, àti obìnrin tí ó fi owó ẹja pamọ́ sí ilé-ìfowópamọ́ ní 2007, kò gba irú ewu bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá wọn gbà á ni. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí ó péye ni láti jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn hàn, kí ẹni tí ó dá àjọ lè mọ̀, kí ìjì tó dé, bí alájọ bá ti fi owó rẹ̀ wọ ọkọ̀.